Odídẹrẹ́ Ìwó àti Àkọsílẹ̀ Tí Kò Fọhùn

Bí a bá dárúkọ Ìwó, odídẹrẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Àwọn àgbà sì máa ń ṣàdúrà fún arìnrìn-àjò pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ṣùgbọ́n oko ìwájẹ gan-an ni àwọn apẹyẹ ti ń dẹ pańpẹ́ dè é, wọ́n sì ń gé àwọn igi ńlá tí ó ń yé ẹyin sínú ihò wọn. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg lábẹ́ àdéhùn CITES fòfin de fífi odídẹrẹ́ inú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ní ọdún 2016 kan náà, ìwádìí kan ní Ghana fi hàn pé ẹyẹ yìí ti dínkù tó ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 1992. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Àwọn kan ti kà á tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ iye àti ibi tí wọ́n ti kà á sílẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn sì rí ohun tí wọn yóò fi tiwọn wé. Ta ni nínú wa tó lè fi àkọsílẹ̀ sọ irú rẹ̀ nípa igbó agbègbè Ìwó?

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, olóòtú kì í gba ìròyìn tí kò bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó fojú rí i. Ohun kan náà ni ìlànà Darwin Core, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2009, ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ àkọsílẹ̀ nípa ẹranko tàbí ewéko. Ẹnìkan lè kọ "odídẹ", kí òmíràn kọ "ayékòótọ́", kí ẹ̀kẹta kọ Psittacus erithacus. Àwa mọ̀ pé ẹyẹ kan ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀, àfi bí a bá so orúkọ wọ̀nyí pọ̀ fún un. Orúkọ Látìn pàápàá a máa yí padà. Ní ọdún 2012, BirdLife International ya odídẹrẹ́ ìhà Sierra Leone àti Liberia sọ́tọ̀, orúkọ rẹ̀ sì di Psittacus timneh. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí kò bá sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹyẹ kò lè sọ èwo ni nínú méjèèjì.

A kò ṣàìní àpẹẹrẹ rere nílé. Àwọn tó ń ka ẹyẹ fún Nigerian Bird Atlas Project pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 9, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Kenya àti South Africa. Nítorí náà, ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ wa ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kí a wá júwe ìtẹ́ odídẹrẹ́ fún apẹyẹ ni? Rárá o. Àjọ GBIF, tó ń kó irú àkọsílẹ̀ báyìí jọ láti gbogbo ayé, gbani nímọ̀ràn pé kí a sọ agbègbè nìkan fún aráyé, kí a fi ojú ibi gan-an pamọ́, bí ẹ̀dá náà bá wà nínú ewu.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ yín parí sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ lọ bá àwọn ọdẹ àgbà, ẹ kọ orúkọ Yorùbá mọ́ ti Látìn, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi. Ẹyẹ tí a fi mọ Ìwó, ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ ni. Kò yẹ kí àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ ya odi.