Láti Ìkirè dé Àpòmù

Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, ẹ má sáré kọjá Ìkirè. A dúró ra dòdò Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀, tí wọ́n fi ata gún, tí wọ́n wá fi epo pupa dín títí ó fi dúdú. Ó ta wá lẹ́nu, síbẹ̀ a tún rà sí i!

Àpòmù kò jìnnà síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń ta àwọn ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n jí gbé ní ọjà Àpòmù. Ó wà lára ohun tó fa ogun Òwu. Ọmọ wa bèèrè pé, “Bàbá, èló ni wọ́n ń ta ènìyàn kan?” Ẹnu wa wọ. Ìyá eléwébẹ̀ tó wà nítòsí ti fi ènì lé ọmọ náà lọ́wọ́.