Bingo kú, bàbá ọlọ́dẹ ń sunkún: Ọ̀rọ̀ àwọn ajá arúgbó Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn

Jẹ́ríkò inú Bíbélì, fèrè àti ariwo ló wó odi ẹ̀ lulẹ̀. Jẹ́ríkò t'Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní tiẹ̀, ńṣe lògiri ń ga sí i lọ́dọọdún, tí wọ́n ń ta wáyà sórí ẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé géètì onírin gàgàrà síwájú ẹ̀. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ lóru, kì í ṣe fèrè ló máa gbọ́, ohùn ajá ni. Ti ilé yìí á gbó, ti ilé kejì á dá a lóhùn, títí ọ̀rọ̀ náà á fi dé Ìdí-Iṣin.

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Dùgbẹ̀, tó fi Cocoa House sílẹ̀ lẹ́yìn, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1965, tó wá gba Magazine Road, kò ní í pẹ́ mọ̀ pé òun ti kúrò láàárín èrò. Igi á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Àdúgbò táwọn òyìnbó amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún ara wọn láyé ọjọ́sí ni. Níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa igbó wà, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FRIN, tí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wá láti ọdún 1954. Níbẹ̀ náà ni University Press wà, nínú Three Crowns Building, tí iléeṣẹ́ ìwé Evans àti HEBN náà sì wà ládùúgbò kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó mọ̀wé kà lónìí, Jẹ́ríkò ni ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé ti jáde.

Nígbà táwọn òyìnbó lọ tán, àwọn adájọ́, dókítà, ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ sínú ilé wọn, wọ́n sì ń sin ajá bíi tiwọn. Títí di òní, àkọlé tó ń kìlọ̀ fún àlejò pé ajá wà nínú ilé ṣì wà lára géètì púpọ̀. Alsatian wà ńbẹ̀, Rottweiler wà ńbẹ̀, Boerboel tí orí ẹ̀ tó ìkòkò ọbẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n téèyàn bá yọjú wo inú géètì mìíràn, ekuke lásán, ajá ilẹ̀ wa, ló máa rí tó nà gbalaja síbẹ̀. Irun ẹnu ẹ̀ á ti funfun, ojú ẹ̀ á ti máa ṣe bàìbàì, àlejò á sì ti wọlé tán kó tó mọ̀ pé ẹnì kan dé. Ajá tó ń gbó lánàá ló ti gbó lónìí yẹn.

Ẹ kàn pè é ní Bingo. Kì í ṣe ajá kan pàtó lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, bó ṣe máa ń rí ni, nítorí kò sí àdúgbò kan n'Ìbàdàn tí kò ní Bingo tiẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ ni Bingo nígbà tí ọ̀gá gbé e wọlé. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ra ṣéènì fún un, àwọn ọmọ ilé ń bá a ṣeré lórí koríko. Olè kan ò gbọdọ̀ fọ̀dà kan ara ògiri. Ọdún ń lọ. Àwọn ọmọ lọ sí Kánádà, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá ilé tẹ̀ lé wọn láti lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ. Nígbà tó yá, bàbá náà lọ, àbí kí ọlọ́jọ́ dé, kí wọ́n gbé e lọ sí itẹ́. Ní wọ́n bá ta ilé. Ẹni tó rà á kò fẹ́ ilé àtijọ́ náà rárá, ilẹ̀ ló rà. Ó di kí katapílà wọlé, kí wọ́n wó gbogbo ẹ̀, kí wọ́n gé àwọn igi, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé alájà.

Bingo ńkọ́? Bingo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn dókítà ẹranko máa ń sọ pé ajá tó bá ti tó nǹkan bí ọdún méje ti ń wọ ẹgbẹ́ àgbà, pé àwọn tó tóbi sì máa ń tètè gbó ju àwọn kékeré lọ. Eyín Bingo ti ń yọ, oríkèé ń dùn ún, kò lè fo gọ́tà mọ́. Àga lọ sí ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí, fíríìjì lọ sí ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí, ẹnì kan ò béèrè Bingo. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ kẹ́yìn kí wọ́n tó wọ mọ́tò ni pé, "Bàbá ọlọ́dẹ, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí ajá yẹn o."

"Wá nǹkan ṣe sí i" yìí, ọ̀nà mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí wọ́n lé e sí títì, kí mọ́tò parí ẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé. Èkejì ni kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Lápá Calabar àti Akwa Ibom, 404 ni wọ́n ń pe ẹran ajá. Nílùú Oǹdó náà, kì í ṣe nǹkan àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ pé Ògún ń jẹ ajá. Kò sẹ́ni tó máa bá oníkálukú jà lórí ohun tí baba ẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ajá tó ṣọ́ ilé èèyàn fún ọdún mẹ́wàá, tó wá di owó ọbẹ̀ lọ́jọ́ tí eyín ẹ̀ yọ, àfi kéèyàn yáa dákẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹnì kan ní, "Ẹ fi sílẹ̀, màá mú un." Ibi tí ìtàn Jẹ́ríkò ti dùn nìyí, nítorí ẹni tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ olówó. Ó lè jẹ́ bàbá ọlọ́dẹ fúnra ẹ̀, tí owó oṣù ẹ̀ ò tó nǹkan. Ó lè jẹ́ ìyá olóúnjẹ tó ń tà fáwọn kọ́lékọ́lé, tàbí opó kan tó ń dá gbé lẹ́yìnkùlé. Kò sí ẹgbẹ́, kò sí àkọlé, kò sẹ́ni tó yà wọ́n ní fọ́tò.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ajá àgbàlagbà tó pàdánù ilé ẹ̀ lè má fẹnu kan oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Á máa padà síwájú géètì tí wọ́n ti yọ kúrò, á máa dúró. Nígbà tó bá jẹun tán, ẹ̀bà rírọ̀ pẹ̀lú omi ẹja ló máa lè jẹ, nítorí kò léyín. Wọ́n ní kéèyàn má fún un ní egungun adìẹ tí wọ́n ti sè, ó máa ń ṣán, ó sì lè gún ìfun. Bí ara bá ń yún un tí irun ẹ̀ ń re, àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì mọ́tò pa á lára; májèlé ni, kí wọ́n yáa gbé e lọ síléèwòsàn ẹranko. Yunifásítì Ìbàdàn ní tiẹ̀, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Jẹ́ríkò.

Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, Bingo á mọ ẹsẹ̀ olóore ẹ̀. Kò rí i dáadáa mọ́, kò gbọ́ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìrù ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í nalẹ̀ kí bàbá náà tó yọ ní kọ̀rọ̀. Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu. Bingo kò bímọ tó máa fún un lọ́mú, bàbá ọlọ́dẹ ló di ọmọ ẹ̀.

Ó lè jẹ́ ọdún méjì, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà péré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n á pè é, kò ní í dáhùn. Wọ́n á bá a nídìí ògiri, ibi tó máa ń sùn sí, á dà bí ẹni tó ṣì ń sùn.

Ibẹ̀ lẹjọ́ máa ń wà. Tí bàbá ọlọ́dẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹnì kan á ti rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin bàbá, ṣé torí ajá náà lẹ ṣe ń sunkún? Ẹ lọ gba òmíràn!" Wọ́n rò pé àṣà òyìnbó ni kéèyàn ṣọ̀fọ̀ ajá. Wọ́n ti gbàgbé ìtàn ọdẹ táwọn ìyá àgbà máa ń pa lálẹ́, ti ọdẹ tó há sórí igi, táwọn abàmì ń gé igi náà lábẹ́ ẹ̀, àfìgbà tó pe àwọn ajá ẹ̀ mẹ́ta lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sáré dé. Ẹni tó jẹ́ pé ajá ló gba ẹ̀mí ẹ̀ là, ṣé kò ní í ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ ni?

Àwọn mìíràn á fi ẹ̀sìn dí i. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìkírun wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ààfáà náà ló ń sọ hádíìsì ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà ẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run sì torí ẹ̀ dárí jì í. Nínú Bíbélì náà, nígbà tí Lásárù wà lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀ tí ẹnì kan ò wò ó, àwọn ajá ló wá bá a.

Bí wọ́n ṣe ń sin ín náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Ìdí igi ló wọ́pọ̀. Kí ihò jìn dáadáa kí ajá mìíràn má baà hú u, kó sì jìnnà sí kànga, nítorí omi kànga ṣì ni ọ̀pọ̀ ilé n'Ìbàdàn ń lò. Tó bá jẹ́ pé ìwà ẹ̀ yí padà kó tó kú, tó ń da itọ́, tó ń gbé ènìyàn jẹ láìnídìí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pe dókítà ẹranko. Ẹni tó bá sì ti gé jẹ gbọ́dọ̀ sáré lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà. Dìgbòlugi kì í ṣeré. Àní, ìbátan kòkòrò àrùn dìgbòlugi kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Mókọ́lá, torí pé Mókọ́lá n'Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lára asín, lọ́dún 1968.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kí ló kù? Abọ́ tánńganran kan, okùn ọrùn kan, àti ibi tí koríko ò hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Níbòmíràn, ohun ìrántí tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1896 ni itẹ́ ajá ti wà ní Hartsdale, nítòsí New York. Ní Tokyo, gbogbo ayé mọ Hachiko, tí ọ̀gá ẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, kú lọ́dún 1925, tó sì ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya láti máa retí ẹ̀ títí tóun náà fi kú lóṣù Kẹta, ọdún 1935. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé wọ́n kọ́kọ́ ń lé e, wọ́n ń nà án níbẹ̀. Ìgbà tí ìwé ìròyìn gbé ìtàn ẹ̀ jáde lọ́dún 1932 ló tó di ààyò gbogbo èèyàn, tí wọ́n sì gbẹ́ ère ẹ̀ lọ́dún 1934, lójú ayé ẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ère ò tó. Ní San Francisco, láti ọdún 2007, ilé kan tó ń jẹ́ Muttville ń gba àwọn ajá tó ti lé lọ́dún méje nìkan, wọ́n sì ń wá ilé fún wọn. L'Ékòó níbí náà, dókítà ẹranko kan, Mark Afua, dá St. Mark's Animal Rescue Foundation sílẹ̀ fún ajá àti ológbò tí wọ́n já sílẹ̀.

Òfin náà kò dákẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ kò dé ibì kan. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ní ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san àádọ́ta náírà. Àádọ́ta náírà! Kò ra ẹyin adìẹ kan mọ́.

Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ń sin ajá ni ọ̀rọ̀ wà. Kéèyàn tó ra ọmọ ajá, kó bi ara ẹ̀ pé ta ló máa wà pẹ̀lú ẹ̀ lọ́dún kẹwàá. Ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù ìrìn àjò mọ́, kó wá ẹni tó máa gba ajá kó tó wá ẹni tó máa ra fíríìjì, kó sì fi owó oúnjẹ sílẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti kú, tó ń wá bó ṣe máa rántí ẹ̀, kó wo ìta géètì: ó ṣeé ṣe kí arúgbó mìíràn dúró síbẹ̀.

Ohun táwọn olóore Jẹ́ríkò máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Abọ́ tánńganran yẹn kì í pẹ́ lófo. Ilé àtijọ́ ń wó, ògiri tuntun ń ga. Lálẹ́, bàbá ọlọ́dẹ á bu ẹ̀bà sínú abọ́ olóògbé, á pe "Bingo!", ajá mìíràn tí kì í ṣe orúkọ ẹ̀ á sì rọra dìde wá jẹun.