Àwòrán Kò Lóhùn

Nígbà tí alábòójútó mi dá orí kẹrin iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi padà, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n fi bírò pupa sí. Abẹ́ àwòrán kẹta ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Níbo ni ohùn yìí wà? Jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Mo jókòó síta ẹ̀ka wa ní Àgọ́-Ìwòyè, mo ń kà á lákàtúnkà, nítorí mo mọ̀ pé ohùn náà kò sí níbì kankan mọ́.

Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Ìjẹ̀bú-Igbó ná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, tí mo fi rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá mi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àǹtí wa tó wà ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ìṣirò kan ránṣẹ́ sí wọn, irú èyí tó ń ya gíráàfù. TI-84 Plus lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ló gbé e jáde ní ọdún 2004. Lọ́hùn-ún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé e wọ ìdánwò SAT. Níhìn-ín, ẹ̀rọ tí a kò lè kọ ètò sí nìkan ni WAEC gbà láyè, nítorí náà bọ̀dá mi kì í gbé e fún ọmọ kankan. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi ya gíráàfù tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìbéèrè ìdánwò.

Lákọ̀ọ́kọ́, fóònù ni wọ́n fi ń ya ojú ẹ̀rọ náà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á bọ́ sí i lójú, àwòrán fáànù á hàn níbẹ̀, ìlà gíráàfù á sì ṣá. Nígbà tó yá, wọ́n ra wáyà tó so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gba ètò TI Connect sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti tẹ ibi tí ètò náà fi ń gba àwòrán, ohun tó wà lójú ẹ̀rọ á bọ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kò tóbi. Ẹyọ àmì 96 ní ìbú àti 64 ní òró ni gbogbo ojú ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere.

Ní ọjọ́ kan tí mo wà nílé fún ìsinmi, wọ́n pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Wọ́n ní bí kọ̀ǹpútà kò bá sí nítòsí, ẹ̀rọ náà lè tọ́jú gíráàfù sínú ara rẹ̀. Wọ́n tẹ 2nd, wọ́n tẹ DRAW, wọ́n rìn dé abẹ́ STO. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ StorePic. Ó máa ń tọ́jú àwòrán nìkan, àyè mẹ́wàá ló sì ní fún un, láti Pic1 dé Pic9, pẹ̀lú Pic0. Bí o bá pè é padà, wàá rí i, ṣùgbọ́n o kò ní lè fi TRACE rìn lórí ìlà rẹ̀ láti béèrè pé mélòó ni èyí, mélòó ni ìyẹn. Èkejì ń jẹ́ StoreGDB. Ìyẹn kì í tọ́jú àwòrán rárá. Ohun tó bí àwòrán ló ń tọ́jú: ìdọ́gba tí o kọ sí Y=, àti WINDOW, ìyẹn ibi tí ojú gíráàfù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí o bá pè é padà, ẹ̀rọ á tún gíráàfù náà yà níṣojú rẹ.

Wọ́n bi mí pé, "Èwo ni ìwọ máa fi pamọ́?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ẹ̀dá èdè ni mò ń kọ́, kì í ṣe ìṣirò."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọdún ìkẹyìn, mo mú ohùn inú ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń sọ ní Ogun Waterside ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Mo wọ mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Abìgì, mo sì gba ibẹ̀ dé Ìwòpin létí ọ̀sà. Bàbá apẹja kan gbà mí lálejò. Wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe lọ́wọ́, wọn ò sì fi í sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a fi sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù mi sórí àpótí, mo ní kí wọ́n máa bá mi pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Nígbà tí wọ́n pè é dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé torí èyí lo ṣe wá láti Àgọ́?" Lẹ́yìn ìyẹn, láìjẹ́ pé mo béèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní, ẹni tó kọ́ wọn ní àjẹ̀ wíwà, àti ọ̀rẹ́ wọn kan tí omi gbé lọ nígbà èwe. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ náà bí wọ́n ṣe máa ń pè é nígbà náà, pẹ̀lú ohùn fífà, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì omi. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni gbogbo rẹ̀.

Mo gbé ohùn náà sínú Praat, ètò ọ̀fẹ́ tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe fònẹ́tíìkì mọ̀ ọ́n: ìlà kan máa ń hàn lójú rẹ̀ tó ń sọ iye ìgbà tí tán-án-ná ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn Hz. Ní ọkọ́, ìlà á gòkè. Ní ọkọ̀, ó yẹ kó wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán kẹta mi, ìlà ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wálẹ̀ rárá. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti rí nǹkan tuntun, mo sì fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe tọ́jú àwòrán náà? Mo tẹ Print Screen, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú iṣẹ́ mi, mo sì gé etí rẹ̀ kúrò kó lè mọ́. Àwọn nọ́ńbà tó wà létí bá a lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, fóònù mi kún, mo pa ohùn náà rẹ́ níbẹ̀ nítorí ó wà lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó ṣe, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò tàn mọ́. Ẹni tó bá mi tún un ṣe bi mí kó tó nu gbogbo inú rẹ̀: "Ṣé nǹkan pàtàkì wà níbẹ̀?" Mo ní rárá, iṣẹ́ mi wà nínú ímeèlì. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ pé. Ohùn nìkan ni kò sí.

Nígbà tí mo rí bírò pupa yẹn, bọ̀dá mi ni mo pè. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Pic lo fi pamọ́. O gbàgbé GDB."

Mo padà sí Ìwòpin. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohùn yín tí mo gbà lọ́jọ́sí ti sọ nù."

Wọ́n wò mí. "Ohùn mi ni o sọ nù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n gbé àpótí wá.

Wọ́n pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà lẹ́ẹ̀márùn-ún-márùn-ún. Wọ́n tún sọ ìtàn ọkọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò dárúkọ ọ̀rẹ́ wọn tí omi gbé lọ. Mi ò bi wọ́n.

Nígbà tí mo dé Àgọ́, mo tún ìlà náà yà. Bí mo bá jẹ́ kí ojú àwòrán bẹ̀rẹ̀ láti 75 Hz dé 500 Hz, ọkọ̀ á dà bí ẹni pé kò wálẹ̀. Bí mo bá fi í sí 80 dé 180, ìlà náà á já wálẹ̀ gedegbe, láti nǹkan bí 125 sí 95. Ohùn bàbá kò ní àrà kankan. Fèrèsé tí mo fi wò ó ló fẹ̀ jù. Mo yọ ojú ìwé méjì tí mo fi yangàn kúrò.

Ẹ̀yin ará ipele 300, ẹ̀yin lọ́rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ má fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà. Praat ní fèrèsé àwòrán tirẹ̀, ẹ ya ìlà náà síbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú u bíi PNG onígun 300-dpi. Ẹ má gé nọ́ńbà etí rẹ̀. Ẹ kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú ohùn fúnra rẹ̀, ní WAV, sí ibi mẹ́ta ó kéré tán. Ibi kẹta tèmi wà ní Ìwòpin, lórí fóònù ọmọ-ọmọ bàbá. Ó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́, nítorí àwọn ló ni ín.

Alábòójútó mi ti gbọ́ ohùn tuntun náà, orí kẹrin sì ti kọjá. Àwòrán kẹta àtijọ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mi ò pa á rẹ́. Mo máa ń ṣí i nígbà mìíràn. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn tí bàbá pe ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ yẹn tán, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rẹ́ wọn. Ìlà náà wà níbẹ̀, ó dúró tẹnrẹn. Kò sí ibi tí mo lè tẹ̀ kó sọ̀rọ̀.