Ìpààrọ̀ Linux lórí ìjókòó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo CentOS 8 lórí server ilé ìtẹ̀wé yín ní Ṣómólú, ẹ gbọ́ o. Láti 31 December 2021 ni àtúnṣe ààbò ti dẹ́kun lórí ẹ̀. Síbẹ̀, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá nu gbogbo ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe AlmaLinux, Linux mìíràn tẹ́ ẹ lè kó lọ sí, ní àṣẹ kan, almalinux-deploy, tó ń sọ CentOS 8 di AlmaLinux 8 bí ẹ̀rọ ṣe wà ní títàn yẹn. Á yọ àmì CentOS kúrò, á júwe ibi tuntun tí ẹ̀rọ á ti máa gba ètò, á wá máa fi tiẹ̀ rọ́pò àwọn tó bá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Red Hat ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn. (Ẹ má wá fi ìyẹn sọ Debian di Ubuntu o!) Fáìlì àwọn oníbàárà á wà níbi tó wà. Tó bá parí, ẹ pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tún tàn án kó lè gbé kernel tuntun.

Iná gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Tí wọ́n bá mú iná lọ ní Ṣómólú nígbà tí glibc ń pààrọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rọ yẹn lè má dìde mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì yín sórí háàdì mìíràn, ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí inverter. Tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn lẹ ti ń wọlé sórí ẹ̀, inú tmux ni kẹ́ ẹ ti tẹ àṣẹ náà, kí iṣẹ́ lè máa lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já.

CentOS 7 ńkọ́? Irinṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ ELevate ni tiyín.