Ọwọ́ Tí Ó Yá Jù

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí n tó di akẹ́kọ̀ọ́ láàárín yín, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ń ṣe. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tí ń ta aṣọ wá fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ wa. Ọkùnrin kan ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àláàtì òfegè tàn án jẹ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọwọ́ wa tẹ afurasí náà, a sì gba fóònù rẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè ní sùúrù. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí fóònù yìí, mo ka ọ̀rọ̀ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sọ, mo sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù tèmi kí ó má baà sọnù. Mo rò pé mo gbọ́n.

Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú adájọ́, agbẹjọ́rò rẹ̀ bi mí pé: "Ọ̀gá ọlọ́pàá, a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti inú fóònù yìí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àtìmọ́lé yín ni ẹni tí ẹ mú wà nígbà náà. Ta ni ó tẹ̀ ẹ́? Kí ni ó tún tẹ̀?" Ẹnu mi wọhò. Adájọ́ kò gba fóònù náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ọkùnrin náà sì lọ sí ilé rẹ̀. Ní ìta, ìyá aláṣọ wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, àbí ìwọ náà wà lára wọn ni?" Mo dọ̀bálẹ̀, n kò rí ohun wí.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rán mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a fi ń wá ẹ̀rí ọ̀ràn. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé kí n ká ara mi lọ́wọ́ kò. A ó kọ́kọ́ gé fóònù kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a ó ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà náà ni a ó sì yẹ̀ wò. Kọ̀ǹpútà yóò wá ṣírò àmì ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní hash. Èyí tí a lò, SHA-256, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí ti ẹ̀dà bá bá ti ojúlówó mu, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Olùkọ́ wa ní kí n yọ kọ́mà kan ṣoṣo kúrò nínú ìwé gígùn kan. Àmì náà yí padà pátápátá. Mo rántí ìyá aláṣọ. Ọdẹ tí ń tọpa ẹran kì í fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ pa ipa náà rẹ́.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ nìkan tó. Ní ọdún 2004, bọ́ǹbù pa ènìyàn tí ó lé ní 190 ní Madrid. Kọ̀ǹpútà FBI ti Amẹ́ríkà mú ìtẹ̀ka 20 jáde tí ó jọ èyí tí a rí lára àpò kan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ yan ti agbẹjọ́rò kan ní Oregon, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ́pàá Spéìn ti sọ pé kò bá a mu. Ti ará Algeria kan ni. FBI tọrọ àforíjì. Ojú tí ń kánjú ni kò ríran.

Mo ti padà lọ kí ìyá náà. Ó bu omi fún mi mu, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan ẹjọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ó di ọlọ́pàá tàbí amòfin lọ́la, ẹ̀rí kì í ṣe tiwa. Ti ẹni tí a jà lólè ni, ti ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn náà sì ni. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ mú un.