Kẹ́ ẹ tó já, ẹ wo okùn tó wà nídìí físà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ inú DM mi láti bèèrè pé "físà wo ló yá jù láti fi wọ ìlú Ọba?", ẹ fìdí lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. 🧵

Èmi kì í ṣe agent, mi ò sì kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń ka ojúewé ìjọba UK lórí físà, nítorí ilẹ̀ kan tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú. Màmá mi fẹ́ tà á kí n lè lọ. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tá a ní nìyẹn. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tá a fẹ́ fi rà.

Ohun tí mo wá rí ni pé "èwo ló yá jù?" kọ́ ni ìbéèrè. Gbogbo físà ló ní okùn nídìí. Ìbéèrè gangan ni: ta ló di okùn náà mú? Kí ló gbà mí láyè láti ṣe? Níbo ló parí sí?

Ẹ jẹ́ ká mú físà akẹ́kọ̀ọ́. Iléèwé ló di okùn tiẹ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá fi iléèwé sílẹ̀, físà náà ò ní dúró. Ẹni tó ń ka digírì lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wọlé. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ìyẹn. Èyí tí agent kì í sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ara ẹ̀.

Ẹ̀yin content creator ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ o. Fídíò tẹ́ ẹ ń gbowó lórí ẹ̀, ọjà tẹ́ ẹ ń bá àwọn alátìkẹ̀ polówó, gbogbo ẹ̀ lè di iṣẹ́ ara ẹni lójú òfin. Owó tí mo fi ń jẹun nìyẹn! Àmọ́ agent tó wá bá màmá mi sọ pé, "Á kàn máa ṣe fídíò ẹ̀ lọ́hùn-ún ni, Ma, pọ́n-ùn ni wọ́n á máa fi san án." Ìmọ̀ràn tó lè ba físà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nìyẹn.

Ẹ tún wo owó. Owó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS jẹ́ £776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ físà Master's ọdún kan máa ń ju ọdún kan lọ, torí náà £1,164 lẹ máa san. A ò tíì dé orí owó iléèwé o. Owó tẹ́ ẹ máa fi hàn ní báǹkì náà gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko.

Bẹ́ẹ̀ ni láti January 2024, akẹ́kọ̀ọ́ ò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, àfi ẹni tó ń ṣe PhD tàbí ìwádìí, tàbí ẹni tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó bí ọmọ méjì gbọ́ èyí, ó kàn dákẹ́ ni.

Físà Skilled Worker ńkọ́? Ọ̀gá iṣẹ́ ló di okùn mú. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti wá ọ̀gá míì tàbí kó palẹ̀ mọ́. Láti July 22, 2025, owó oṣù ọ̀pọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó £41,700 lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tàwọn iṣẹ́ kan, bíi iṣẹ́ ìlera, kéré sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ care pa fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ẹni tó bá ṣì ń ta físà care fún yín ní Nàìjíríà, ọjà tó ti tú ló ń ná fún yín.

CoS náà ńkọ́? £525 ni ilé-iṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí ọ̀kan ní 2025, kò sì gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Agent yẹn ní ká mú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà wá.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣá. Ẹni tó bá kàwé yanjú ní UK lè gba físà Graduate. Kò sí ọ̀gá tó di okùn ẹ̀ mú, èèyàn sì lè ṣe iṣẹ́ ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn náà kúrú: ọdún méjì ni, yóò sì di oṣù 18 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti January 1, 2027, àyàfi ẹni tó gba PhD. Wọn kì í sọ ọ́ dọ̀tun.

Global Talent tún wà. Fún àwa òǹkọ̀wé, Arts Council England ló ń yẹ iṣẹ́ wa wò. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà mẹ́ta látọ̀dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yín, pẹ̀lú ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ó le, àmọ́ kò so èèyàn mọ́ ọ̀gá kankan.

Mo ti sọ fún màmá mi pé ká fi ilẹ̀ sílẹ̀ ná. Inú wọn ò dùn, torí ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ti lọ. Mo yé wọn pé tí mo bá lọ nísinsìnyí, iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ni mo máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀, gbèsè á sì ti wà lọ́rùn wa. Mo ti ń kó iṣẹ́ mi jọ. Ó lè gba ọdún méjì.

Tẹ́ ẹ̀yin bá fẹ́ lọ ní tiyín, ẹ lọ o, mi ò dá yín dúró. Orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó láṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè wà lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ bi agent yín: ta ló di okùn físà yìí mú, kí ló gbà mí láyè láti ṣe, níbo ló parí sí? Tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kówó yín wà lápò yín.