Mo Gbọ́ Yín, Ẹ̀yin Ni Ẹ Ò Gbọ́ Mi

Wọ́n ní kí n sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ mi tó lè wúlò fún àwọn ọmọ wa tó ń wakọ̀. Èmi kì í ṣe babaláwo o. Ògún ni mo ń bọ bíi bàbá mi, iṣẹ́ iná àti rédíò ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì.

Ní ilé iṣẹ́ wa, lẹ́bàá Ọba Akran ní Ìkẹjà, gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù ló ní rédíò. GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2001 ni, kì í ṣe ohun tí dẹ́rẹ́bà lè rà. Rédíò inú ọkọ̀ kò lágbára púpọ̀. Ilé gíga á dí i lọ́nà. Rìpítà ló ń gbà á là. Orí òpó gíga ló máa ń wà. Á gbọ́ ohùn kékeré láti ìsàlẹ̀ lórí ìkànnì kan, á sì tún un sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lórí ìkànnì mìíràn pẹ̀lú agbára. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ Èṣù ti mọ iṣẹ́ rìpítà: ó ń gbà lọ́wọ́ wa, ó ń gbé e dé ibi tí ọwọ́ wa kò tó.

Ṣùgbọ́n kì í dá gbogbo ènìyàn lóhùn. Ohùn rírẹlẹ̀ kan wà tí etí wa kì í gbọ́, tí rédíò gbọ́dọ̀ fi kún ọ̀rọ̀ wa nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì. Bí kò bá sí, rìpítà á ṣe bí ẹni pé a ò pè é. A lè máa gbọ́ tàwọn ẹlòmíì láìsí i o. Tiwa ni kò ní jáde.

Ní oṣù kìíní 2002, wọ́n fún àbúrò mi, tó jẹ́ awakọ̀ wa, ní ọkọ̀ mìíràn. Mo gbé rédíò sínú ẹ̀, mo gbọ́ ọ́fíìsì ketekete, mo ní, "Ó ti dáa." N ò tíì fi ohùn yẹn sí i. Mo ní tó bá di ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù náà, ó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, èmi sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ mì. Ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí nínú bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà ló ń bú gbàmù. Fèrèsé wa fọ́. Àwọn ènìyàn ń sá láì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn, tọmọdé tàgbà, ló kú sínú omi kànáàlì Òkè-Àfà. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó bá a lọ.

Mo di rédíò mú: "Má wọ Ìkẹjà o! Dúró ní Sàngó Ọ̀tà!" Mo tú bọ́tìnì sílẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Mo pè é títí di òru. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ohùn tí n ò fi sí i. Ṣé ikú ló pa á lẹ́nu mọ́ ni, àbí ìmẹ́lẹ́ tèmi? N ò mọ èyí tó jẹ́.

Nílé ní Àgége, ìyá wa jókòó ti ojú Ògún títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo délé, n ò lè wojú wọn. Ó tó aago mẹ́wàá kí àbúrò mi tó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Mo dúró ní Sàngó bí ẹ ṣe wí. Mo ń dáhùn, mo ń dáhùn. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́ mi."

Èmi ẹ̀gbọ́n, mo bẹ àbúrò mi lójú ìyá wa. Màmá ò bá mi wí. Wọ́n ní kí n lọ wá obì àti ẹmu wá.

Láti ọjọ́ náà, báyìí ni mo ń ṣe é. Àárín òrùlé ọkọ̀ ni kí éríà wà, torí irin òrùlé ń bá a ṣiṣẹ́. Láti ara bátìrì tààrà ni kí wáyà iná ti wá, kí fíùsì wà nítòsí bátìrì. Kí ẹ kó ìkànnì gbígbọ́, ti sísọ, àti ohùn rírẹlẹ̀ yẹn pọ̀ sórí bọ́tìnì kan ṣoṣo tí ọwọ́ awakọ̀ máa bà láì gbójú kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀, ẹ pe ẹnì kan, kí ó dáhùn.

Lónìí, ìfẹ́ nìkan ni mo fi ń ṣe rédíò, èyí tí wọ́n ń pè ní ham. A ń lo 144 sí 146 MHz. Éríà kékeré tibẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Lórí rìpítà, 600 kHz ló sábà máa ń wà láàárín ìkànnì gbígbọ́ àti ti sísọ. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì o. 5N ni orúkọ ìpè tiwa ní Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, pé ẹ̀ ń gbọ́ ènìyàn kò ní kó máa gbọ́ yín. Títí di òní, bí àbúrò mi bá fẹ́ rìnrìn àjò, á kọ́kọ́ pè mí látinú ọkọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Bí n ò bá tíì sọ pé, "Mo gbọ́ ẹ," kò ní ṣí ọkọ̀.

Ògún á máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà. Àṣẹ.